Ọwọ́ Tí Màmá Àgbà Dè, Tó sì Tún Tú

Lọ́jọ́ tí a sin Màmá Àgbà, wọ́n ka ìtàn ayé rẹ̀ fún ìjọ. Ojú ìwé méjì gbáko ló gbà nínú ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n ka ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó darí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó fi sáyé lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tí mò ń gbọ́ ọ, ńṣe ló dà bíi pé obìnrin mìíràn ni wọ́n ń sọ. Wọn ò sọ bó ṣe máa ń fi ètè di píìnì mú, tí á sì máa ti àárín wọn báni jà. Wọn ò sọ̀rọ̀ ọwọ́ mi.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mò ń wí. Láti kékeré ló ti ká kò, tí àtàǹpàkò rẹ̀ sá pamọ́ sínú ìkúùkù, tí ìgúnpá rẹ̀ tẹ̀ wá sí àyà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ń fi ọmọ ìka tẹlẹ̀. Màmá Àgbà ló tọ́ mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, torí pé ìyá mi ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi sì ń ṣiṣẹ́ lókè ọya. Ohun kan ṣoṣo ni èmi àti Màmá Àgbà jọ fà mọ́ ara wa lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún: mo fẹ́ fi ọwọ́ tó ń gbọ́ tèmi jẹun, ọwọ́ náà sì ni òsì.

Ẹni tó bá mọ Màmá Àgbà á ti mọ ibi tí wàhálà wà.

Aránṣọ ni. Yàrá iwájú ilé wa, nítòsí òpópónà Adéníji Adélé, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń rán jù, téèpù ìwọnṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó múra dáadáa wọlé, ó fi ọwọ́ òsì na léèsì sí i, torí pé fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Màmá Àgbà kò gbà á.

"Ẹ gbé e padà síta, Màdáàmù. Kẹ́ ẹ wá tún un gbé wọlé."

"Ẹ má bínú, Mà. Fóònù ni mo mú dání."

"Fóònù ò ní bínú tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe eré, ó jáde, ó sì tún padà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún àti ìkúnlẹ̀. Màmá Àgbà kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó wọ̀n ọ́n, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, Màmá Àgbà sọ̀rọ̀ láàárín àwọn píìnì ẹnu rẹ̀: "Aṣọ yẹn ló máa sanwó ẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ̀bùn ni."

Inú ilé obìnrin yìí ni Ọlọ́run fi mí sí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe, torí pé òun fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ rí. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í de ọwọ́ òsì mi mọ́ ìbàdí. Àjákù aṣọ akọrin ló fi ń dè é, aṣọ funfun tó rọ̀, kó má baà dá egbò sí mi lára. Tí a bá ti parí àdúrà òwúrọ̀, á dè é. Tí ìyá mi bá ti ọjà dé, á tú u. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ọwọ́ ọ̀tún ń ṣọ̀lẹ nítorí pé òsì ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tí òsì bá simi, ọ̀tún á jí. Á fi òrí pa ọwọ́ ọ̀tún náà, á máa na àwọn ìka rẹ̀ pẹ̀lú agbára, èmi á máa ké, òun náà á máa gbàdúrà sókè kí ohùn tirẹ̀ lè bo tèmi.

Ọwọ́ ọ̀tún kò jí. Mo wá ń fi ẹnu bá oúnjẹ nínú àwo, tàbí kí n má jẹun rárá. Mo rù.

"Màmá, ọmọ yìí ń gbẹ," ni ìyá mi sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ó máa lò ó tí ebi bá pa á dáadáa."

"Ẹ jẹ́ kó fi òsì jẹun, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọdé ni."

Màmá Àgbà kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Tó bá dàgbà ńkọ́? Ta ló máa sọ fáyé pé àìsàn ni? Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé."

Màmá Àgbà níjà pẹ̀lú Alhaja tó ń gbé òkè ilé wa, tó ń ta ata gígún. Omi tó ń kán láti ara aṣọ tí Alhaja sá sórí fèrèsé ló dá a sílẹ̀, ó sì ti pẹ́. Wọ́n máa ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n ìkíni náà máa ń le bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí. Lọ́jọ́ kan okùn ọwọ́ mi tú. Mo rí Alhaja lórí àtẹ̀gùn, inú mi dùn pé ọwọ́ mi wà lómìnira, mo sì jù ú sí i.

Alhaja pàtẹ́wọ́. "Há! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́kọ̀ọ́ ilé! Ọmọ inú ilé yín ló ń juwọ́ òsì sí mi!"

Màmá Àgbà jáde pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. "Ara ọmọ mi ò yá, Alhaja. Ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀. Ẹnu lẹ fi ń sọ pé ara ẹ̀ ò yá, ọwọ́ lẹ fi ń dè é bí olè. Ọmọ àbúrò mi náà ní irú ẹ̀. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ, wọn ò dè é!"

Màmá Àgbà, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí ìyá mi lọ bi Alhaja léèrè ọsibítù wo ni, kí ó sì ṣe é bí ẹni pé ìyá mi fúnra rẹ̀ ló fẹ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ fún mi: "Ẹni tó bú mi ló là mí lójú. Má sọ fún un o."

Ẹni tí wọ́n darí wa sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọsibítù kì í ṣe dókítà tó ń fúnni lóògùn, kì í sì í ṣe ọ̀kan lára àwọn tó wá ń na ẹsẹ̀ mi ní yàrá kejì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn bí yóò ṣe máa ṣe ohun ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀: kó jẹun, kó wọṣọ, kó wẹ̀, kó kọ̀wé. Àǹtí Bísọ́lá ni à ń pè é. Ó gbé mi sórí àga kékeré, ó wo ọwọ́ méjèèjì, ó sì rí okùn aṣọ tó wà ní ìbàdí mi. Kò bínú.

"Màmá, nígbà tí wọ́n bí i, ṣé ó ké?"

"Ó pẹ́ kó tó ké. Wọ́n lù ú nídìí títí."

"Ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ má tètè dé ọpọlọ rẹ̀. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń rán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún níṣẹ́. Ibẹ̀ ló fara pa. Ọwọ́ yìí ò ya ọ̀lẹ, Mà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i ni kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ bó ṣe yẹ."

Ó sọ orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é, sẹ́rẹ́bírà pọ́ọ́sì, ìyẹn cerebral palsy lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kì í ṣe èpè, kì í ràn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá tó bímọ. Ìpalára ọpọlọ náà kò ní máa gbilẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n tí a kò bá tọ́jú ara ọmọ, iṣan rẹ̀ lè máa le sí i bó ṣe ń dàgbà.

Màmá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó bi í ní ìbéèrè kan tó gbé wá láti ilé. "Ìgbà wo ló máa sàn?"

"Kò ní lọ, Mà. Báyìí ni wọ́n ṣe máa jọ gbé. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ràn mí lọ́wọ́, ọmọ yìí á máa jẹun fúnra ẹ̀."

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì ni á máa gbé e dé ẹnu. Ọ̀tún á máa di àwo mú. Ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ là ń pe ìyẹn."

Màmá Àgbà kúnlẹ̀ níwájú mi, ó tú okùn aṣọ náà, ó ká a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń ká aṣọ oníbàárà, ó sì fi í sínú báàgì. Nígbà tí a délé, ó lọ bá ìyá mi. Ó ní, "Ebi ni mo fi ń pa ọmọ yìí látọjọ́ yìí. Mo pè é ní ẹ̀kọ́."

Láti ìgbà náà lọ, ó gbé ọ̀rọ̀ mi bí ẹni tí wọ́n gbé aṣọ tó ṣòro rán fún. Àǹtí Bísọ́lá á sọ ohun tí a fẹ́, òun á lọ wá ọ̀nà rẹ̀. Ó gé rọ́bà sálúbàtà tó ti gbó, ó fi yí ìdí ṣíbí ká, ó sì rán aṣọ bò ó kí ó lè kún ọwọ́. Ó ń tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ àwo kí ó má baà sá lọ. Ó ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ àga mi kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi lè kanlẹ̀. Gbogbo gáùn mi ló tú, tó sì la iwájú wọn, ó wá fi bọ́tìnnì ńláńlá sí i, ó sì kọ́ mi pé ọwọ́ tó le ni kí n kọ́kọ́ kì bọ apá aṣọ, kí n sì fi í sí ìkẹyìn tí mo bá ń bọ́ ọ. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ó ní agolo kan tó kún fún bọ́tìnnì. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, Àǹtí Bísọ́lá ní kí a fi ìbọ̀sẹ̀ bọ ọwọ́ òsì mi, kí ọ̀tún lè ṣeré nìkan. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo rò pé okùn ti padà dé. Màmá Àgbà gbé aago sórí tábìlì níwájú mi, ó fi ibi tí ọwọ́ aago náà á dé hàn mí, ó sì da bọ́tìnnì sórí ẹní.

"Mú pupa fún mi."

Mo gbá pupa lọ sábẹ́ àga.

"Ó sá! Lé e mú!"

Bí aago bá ti dé ibẹ̀, á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà kíá, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká ṣe sí i. "Rárá. Mo ti ṣèlérí fún ọwọ́ kejì."

Nígbà tí Àǹtí Bísọ́lá sọ pé ó dára kí ọwọ́ ọ̀tún máa fara kan oríṣiríṣi nǹkan, Màmá Àgbà gbé mi lọ sí ìsọ̀ ìyá mi ní Ìdúmọ̀tà. Ó ní kí n dijú. Ó la ìkúùkù mi díẹ̀díẹ̀ láti ìdí àtàǹpàkò, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, láìfà á, ó sì fi ọwọ́ náà pa léèsì, ó fi pa àǹkárá, ó fi pa fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Èmi á sọ èyí tó jẹ́. Àwọn onísọ̀ tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Màmá, ẹ ti fọwọ́ kan gbogbo ọjà tán! Ṣé ẹ̀ ń rà á àbí ẹ̀ ń fọwọ́ pa á lásán?"

"Ẹ dákẹ́ jàre," ni Màmá Àgbà dá wọn lóhùn. "Ọmọ mi ń kàwé."

Mo lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí mo kọ́kọ́ dá jẹ ìrẹsì tán nínú àwo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló wà lára mi àti nílẹ̀. Màmá Àgbà jókòó sórí ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì kó má baà ràn mí lọ́wọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ láti ṣa ìrẹsì nílẹ̀, Màmá Àgbà ní kó fi í sílẹ̀. "Mi ò rí èyí tó dà sílẹ̀. Èyí tó dé ẹnu ni mò ń kà."

Àdúrà rẹ̀ náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, lóròòwúrọ̀, ó máa ń bẹ Ọlọ́run kí Ó na ọwọ́ náà kó dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó sọ pé, "Olúwa, kọ́ ọwọ́ yìí níṣẹ́ Rẹ, bó ṣe wà yìí." Àwọn kan lè rò pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló rẹ̀yìn. Èmi tí mo kúnlẹ̀ tì í mọ̀ pé kò tíì gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n kò tíì jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ òsì mi wà fún inú ilé. Tí àlejò bá ti wọlé, á yọjú sí mi, á sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mo rí ẹ o," èmi á sì gbé ṣíbí kalẹ̀. Níbi àjọ̀dún ìkórè, á gbé àwo mi lọ sí ẹ̀yìn yàrá àwọn akọrin, á sì bọ́ mi níbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, èmi tí mò ń dá jẹun nílé. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ní, "Èmi mọ ohun tó fà á. Àwọn ò mọ̀ ọ́n." Mo sunkún. Kò yí padà.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí àwa mẹ́rìnlá ń múra láti gba ìgbọ́wọ́lé lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù, ká sì jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá Kátíkíìsì ló ń kọ́ wa, ẹni pẹ̀lẹ́ tó fẹ́ràn mi púpọ̀. Ní Sátidé tó ṣáájú, ó fi bí a ó ṣe gbà á hàn wá: kí a kúnlẹ̀, kí a tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sórí òsì. Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìkúùkù mi kò là.

Mo tẹ́ òsì, mo fi ìkúùkù ọ̀tún gbé e ró nísàlẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá ń gba nǹkan tó wúwo.

Ó mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Rárá, ọmọ mi. Wàá dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọlọ́run á ti wò ẹ́ sàn."

Màmá Àgbà wà lẹ́yìn, ó ń fi píìnì sí etí aṣọ akọrin kan. Ó tu gbogbo píìnì ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́.

"Kò ní sàn lọ́dún tó ń bọ̀, Bàbá."

"Màmá! Ẹ̀yin, onígbàgbọ́?"

"Mo gbà Á gbọ́. Ọpọlọ ẹ̀ ló fara pa lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, Ọlọ́run wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kó dúró kó sàn kó tó jẹun, ẹ̀ ń ní kó má jẹun mọ́ nìyẹn."

Bàbá Kátíkíìsì ronú. "Ó dáa. Àlùfáà á fi sí i lẹ́nu."

"Ọmọ tó ti ń bọ́ ara ẹ̀ látọdún wọ̀nyí? Ẹ fẹ́ máa bọ́ ọ níwájú Ọlọ́run?"

"Àbí ẹ fẹ́ kó na ọwọ́ òsì sí Olúwa ni, Màmá? Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ wa."

Ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá Àgbà ni wọ́n dá padà fún un. Ó kó píìnì rẹ̀ jọ, a sì rìn lọ sílé. Kò rán aṣọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún un pé, "Màmá, mo lè dúró. Ẹ má bá wọn jà." Ó ní, "Lọ gbé gáùn funfun ẹ wá, kí n lọ̀ ọ́."

Mo kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ọwọ́ mi méjèèjì wà nísàlẹ̀. Mo ti pinnu pé tí àlùfáà bá dé ọ̀dọ̀ mi, màá ya ẹnu kí ó fi sí i, kí ojú má baà ti Màmá Àgbà. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹnì kan kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ní ibi tí kì í ṣe ìlà tirẹ̀. Mo gbọ́ òórùn sítáàṣì. Àlùfáà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ná.

Màmá Àgbà na ọwọ́ òsì.

Ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ó di ọ̀tún ní ìkúùkù, ó sì fi gbé e ró nísàlẹ̀. Àlùfáà dúró. Mo gbọ́ tí Bàbá Kátíkíìsì húkọ́ lẹ́yìn wa. Ó dà bíi pé gbogbo ìjọ náà ló ń wo ọwọ́ yẹn, ọwọ́ obìnrin tó ti dá ìdajì wọn padà sẹ́nu ọ̀nà rí. Kò gbé ojú sókè. Kò mú un kúrò.

Àlùfáà gbé àkàrà náà lé e. Ó wá sún dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì na tèmi.

Ní ìta, lábẹ́ òòrùn, Bàbá Kátíkíìsì wá bá wa. Ìbínú kọ́ ló wà lójú rẹ̀, ìyàlẹ́nu ni. "Màmá, ẹ̀yin náà? Ọwọ́ òsì?"

Màmá Àgbà wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo ẹni tó ti ń bá a gbélé tipẹ́ tí kò bá sọ̀rọ̀ rí.

"Bàbá, ọdún méjìléláàádọ́rin ló fi wà lára mi. Iṣẹ́ ẹ̀gbin nìkan ni mò ń fún un ṣe. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lóúnjẹ."